Dókítà Ayùn Lọ Yọ Eyín

Iṣẹ́ eyín ni mo ń ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé, ẹ̀rù eyín sì ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi, nítorí tirẹ̀ máa ń gùn ju báyìí lọ.

Eyín ayùn ni iṣẹ́ mi. Ní ibi ìlagi wa ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣágámù, èmi ni wọ́n ń pè ní sọ́ dókítà, ìyẹn dókítà ayùn. Ayùn tiwa kì í ṣe èyí tí káfíńtà ń fi ọwọ́ fà. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni, a so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbànú, ó ń yí lórí kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì, eyín rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀nì lọ. Bí eyín náà bá ti kú, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á gbé e wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà. Màá pọ́n ọn níkọ̀ọ̀kan, màá tẹ ọ̀kan sápá ọ̀tún, màá tẹ èkejì sápá òsì, títí màá fi yí i ká. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an mi ò kà á dénú, ṣùgbọ́n tó bá di ká ka eyín, ẹ pè mí.

Ohun èlò tó kéré jù nínú iṣẹ́ yìí ni ṣọ́ọ̀kì. Ayùn tó rí bí òrùka kò lórí, kò nídìí. Tí o ò bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín tí o ti bẹ̀rẹ̀, o lè máa pọ́n ọn yípo títí Iléyá á fi dé bá ọ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì búlúù ni mò ń lò, torí pé funfun kì í hàn lára irin tó ń dán. Kò sí ṣòkòtò mi kan tí kò ní ẹ̀rún ṣọ́ọ̀kì búlúù nínú àpò. Ẹ fi ọkàn sí ṣọ́ọ̀kì yìí o. Òun ló dójú tì mí.

Eyín tèmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni èyí tó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, lápá òsì, èyí tí mo fi ń fọ́ eegun ẹran. Àkọ́kọ́, ó ń kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́ bí àlejò tó lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di onílé, èmi ló kù kí n wá ibòmíràn lọ. Mo fi orín àtà rin ín. Mo fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ẹnu. Mo fi kànáfùrù há a. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe láti má dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mo ṣe. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n fi ẹ̀mú yọ eyín bàbá bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé wa. Mi ò lè sọ fún yín bí ẹ̀mú náà ti rí, torí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ariwo bàbá náà ni mo mọ̀ dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n gbé ayùn kan wá fún mi. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, mo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n akokoro yẹn ń fà mí láti etí dé èjìká, gbogbo ìgbà ni mò ń fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tí mo tún ń fi ọwọ́ kan náà di ayùn mú. Mi ò mọ ìgbà tí àmì náà pa rẹ́. Mo kọjá ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo tún àwọn eyín tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ tẹ̀, èyí tó yẹ kó kọjú sọ́tùn-ún kọjú sósì pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́nu iṣẹ́. Gẹdú ìrókò oníbàárà kan ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ayùn náà kò tíì rìn jìnnà tó fi sá kúrò lójú ìlà, tó ń gé pákó náà ní wọ́kuwọ̀ku, eyín rẹ̀ kan sì kán sínú igi.

Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ pa iná. "Dókítà," ó ní, "ayùn yín mà ń mutí."

Àlháájà tó ni ibi ìlagi jáde sí wa. Ọmọ ìdílé oníṣòwò láti àárín ìlú Abẹ́òkúta ni, kì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo gan-an ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Ó wo pákó náà, ó wo ayùn, ó wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Ta ló pọ́n ayùn yìí?"

"Èmi ni, Àlháájà."

"Ẹ̀yin ni, àbí akokoro yín?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu ń dùn mí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mi ò lè jágbe mọ́ yín. Ẹ máa lọ sílé. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ wá yọjú sí mi. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bá ṣì wú bí búrẹ́dì báyìí, ẹni tó ń pọ́n ayùn ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ti ní òun ṣetán nígbàkígbà. Ẹ ò ní fọwọ́ kan ayùn mi mọ́."

"Àlháájà, ó máa tó lọ fúnra rẹ̀."

"Ṣé eyín ayùn máa ń mú fúnra rẹ̀ ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ wá rọ̀ mọ́ eyín kan ṣoṣo tí kò tóbi ju ẹ̀kùrọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó mi ti lọ aṣọ mi kalẹ̀ kí n tó jí. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ kírun Jímọ̀ ná.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi rántí Jímọ̀ tó kọjá?" ó ní. "Ọlọ́run á gbọ́ tiyín láti orí àga dókítà."

"Tí wọ́n bá yọ ọ́, kí ni màá máa fi jẹun?"

"Bàbá àwọn ọmọ, adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Ẹ dìde o jàre."

Mo dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tuntun kan ti wọ̀ mí lóru: tí wọ́n bá lọ yọ èyí tí kò ṣẹ̀ ńkọ́? Eyín pọ̀ lẹ́nu ènìyàn, wọ́n sì jọra. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró síwájú díńgí, mo yọ ṣọ́ọ̀kì búlúù lápò, mo sì sàmì sí eyín náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe sí ti ayùn. Mo tún un fà lẹ́ẹ̀mejì kó lè hàn dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó tún gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀gbá.

Láti ilé wa ní Aké dé ilé ìwòsàn eyín náà, ẹni tó bá ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ á dé ibẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Èmi fi bíi wákàtí méjì rìn ín. Kò sí ẹni tí mi ò yà kí. Mo ní kí n kí ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agboòrùn ńlá, tí mi ò kí láti ìgbà ààwẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eyín kọ́kọ́rọ́ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ fáìlì. Ẹni tó gé e ti jẹ eyín kẹta wọnú jù."

"Kí lo máa wá ṣe sí i?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Màá jù ú nù ni. Eyín tó bá ti jẹ kọjá ààlà, kò sí oògùn ẹ̀."

Mo ní ó dàbọ̀. Níwájú díẹ̀, ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe ti tú irin róbótó tí ṣéènì ń gùn lórí, ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó ń sọ fún ọlọ́kadà pé, "Ṣé o rí i? Gbogbo eyín ẹ̀ ló ti tẹ̀ sápá kan bí ẹni ń sùn. O ò tètè gbé e wá." Ọlọ́kadà náà ní òun rò pé á lọ fúnra rẹ̀ ni. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ni wọ́n ń sọ níta gbangba.

Mo sá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó jẹ́ ará àdúgbò wa. Ó fi àga lọ̀ mí, mo jókòó, mo rò pé mo ti bọ́. Síìpù ṣòkòtò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ wá wò ó," ó ní, "eyín kan péré ló yọ o. Ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí eyín kan bá ti kúrò lára síìpù, ìwọ̀nba ọjọ́ ló kù, gbogbo ẹ̀ á là gbàà."

Mo fi ọwọ́ di ẹnu mi mú, kó má baà là gbàà.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ ni mo ń rò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí. Onídìrí ń wá òòyà tí eyín rẹ̀ pé. Àgbẹ̀ ń tún eyín réèkì tó fi ń gbá koríko jọ tò. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé èmi nìkan ni mo ni eyín ní ìlú yìí, láìmọ̀ pé wọ́n ti pín in káàkiri kí n tó dáyé. Àwọn baba wa tó ni èdè yìí, mo rò pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí tó to ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ sójú kan, tó sì lè di nǹkan mú tàbí kó gé e jẹ, wọ́n á ní eyín ni, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Wọ́n ò ṣàlàyé ìyàtọ̀ kan fún wa. Nínú gbogbo eyín wọ̀nyí, ti ẹnu nìkan ló ń dun ẹni tó ni ín. Tí eyín ayùn bá bàjẹ́, igi ló ń jìyà rẹ̀. Tí ti kọ́kọ́rọ́ bá bàjẹ́, ẹni tó wà níta ilẹ̀kùn ni. Ti èmi ló wá bàjẹ́, èmi náà ni igi, èmi náà ni ẹni ìta.

Mo dé ilé ìwòsàn náà nígbà tí mi ò rí ẹlòmíràn kí mọ́. Àwọn obìnrin méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú mi. Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ mi, wọ́n pè mí wọlé. Dókítà náà, ọmọbìnrin ni, mo lè bí i, mo sì lè bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àwọn irin tó tò sórí àwo, "ẹ" ni mo ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù máa ń kọ́ àgbà ní ìwà ọmọlúàbí.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ la ẹnu."

Mo la ẹnu. Ó tan iná sí i. Ó fò sẹ́yìn.

"Bàbá! Kí lẹ gbé mu?"

Mo fẹ́ fèsì, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ tètè wá! Ahọ́n wọn ti di búlúù! Erìgì wọn, búlúù! Gbogbo ẹnu!"

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń wá iṣan. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún wa, ṣé oògùn eku ni? Ṣé wọ́n mú yín bínú nílé ni?"

"Ṣọ́ọ̀kì ni," mo ní.

"Ẹ jẹ ṣọ́ọ̀kì?"

"Mi ò jẹ ẹ́. Mo fi sàmì sí eyín tó ń dùn mí ni, kí ẹ má baà lọ yọ èyí tí kò ṣẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé mi pátápátá lórí àga yẹn. Ayùn tí a bá sàmì sí, kì í sọ̀rọ̀. Èmi ti fi wákàtí méjì kí gbogbo Aké. Ahọ́n mi ti kó àmì náà kiri bí ẹni tó ń pín sàárà, kò sí eyín kan tí kò kàn.

Dókítà náà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti orí bẹ́ǹṣì níta ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti pariwo wọlé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí àwa náà lọ ra ṣọ́ọ̀kì tiwa ni?"

Wọ́n ní kí n fi omi yọ ẹnu. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi náà jáde bí omi aró. Dókítà padà wá, ó gbé irin tín-ín-rín kan. Mo tún rí ẹ̀mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, bí mo ṣe rí ẹ̀mú náà báyìí, eyín náà kò dùn mí mọ́ rárá. Mo sọ fún un pé ara mi ti yá, kó jẹ́ kí n máa lọ.

"Ẹ̀mú yìí ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ jókòó."

Ó wá fi ìdí irin tín-ín-rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kan eyín mi níkọ̀ọ̀kan. Kin. Kin. Kin. Ìyàlẹ́nu dé bá mi. Ohun tí èmi ń ṣe gan-an nìyẹn! Kí n tó pọ́n ayùn, màá fi òòlù kékeré kàn án yíká, torí pé eyín tó dá ṣáṣá máa ń dún kin, èyí tó ti là máa ń dún kọ̀. Ó kan ìkẹrin, ó dún kọ̀. Èmi gbọ́ ọ lórí mi kó tó dé etí rẹ̀. Mo fò lórí àga.

"Òun nìyí," ó ní. "Ó ti là."

"Mo gbọ́ ọ," mo ní. "Dókítà, ẹ bá mi pọ́n ọn."

"Pọ́n kẹ̀?"

"Ẹ fi fáìlì kékeré pọ́n orí ẹ̀, á dára. Dókítà lèmi náà, dókítà ayùn ni mí ní Kọ́bapẹ́. Bó ti wù kí eyín bàjẹ́ tó, pípọ́n ni mò ń pọ́n ọn."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ mi. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èyí tó bá wá là wọ ìdí ńkọ́? Kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

Ó ti mú mi. Ayùn tí eyín rẹ̀ là wọ ìdí, tí o bá ń pọ́n ọn lásán, lílà náà á máa rìn lọ sínú irin, títí ọjọ́ kan ayùn á já lẹ́nu iṣẹ́, tí á sì ṣe ènìyàn léṣe. Gígé la máa ń gé irú eyín bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ.

"A máa ń mú un kúrò," mo ní, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ká mọ́.

"Ẹ ti bá mi dáhùn," ó ní.

Ó fún mi ní abẹ́rẹ́. Mi ò ní purọ́, ó ta mí. Lẹ́yìn náà, ìdajì ojú mi di ti ẹlòmíràn. Mo di apá àga mú, mo di ojú, mo ń ka gbogbo ohun tí mo rántí nínú àdúà. Mo ní, "Dókítà, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n múra, tí mo bá ti múra tán màá juwọ́ sí yín."

"Bàbá, mo ti yọ ọ́."

Mo lajú. Eyín náà wà nínú àwo. Ni mo bá pariwo. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó fà á. Ariwo tí mo ti ń tọ́jú bọ̀ láti àárọ̀ ni, mi ò lè tún gbé e padà sílé. Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì dìde. Mo gbọ́ pé ọ̀kan ti dé ojú títì kí nọ́ọ̀sì tó dá a padà.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní eyín mi. Wọ́n fi òwú wé e. Bí mo ṣe dé ilé, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé tààrà. Bí a ṣe ń ṣe ní kékeré nìyẹn: bí eyín bá yọ, wàá kó òkúta wẹ́wẹ́ tó tó iye ọdún rẹ mọ́ ọn, wàá jù ú sórí páànù, kí òmíràn lè hù. Alángbá kò sì gbọdọ̀ rí i. Bó bá rí i, ó tán.

Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti ń ṣa òkúta.

"Ọjọ́ orí yín lẹ fẹ́ kà tán? Páànù tó ti dógùn-ún látayébáyé! Ẹ fẹ́ kó jò lé wa lórí ni?"

Mo fi òkúta mẹ́ta ṣe é. Mo jù ú. Ó dún lórí páànù, ó yí díẹ̀, ó dúró. Mo gbójú sókè, alángbá olórí pupa kan wà lórí igun ògiri, ó wo ibi tí eyín náà dúró sí, ó wò mí, ó sì mi orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ó ti rí i," ìyàwó mi ní. "Ẹ wá mu ẹ̀kọ."

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé Kọ́bapẹ́ kí wọ́n tó ṣí géètì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wálẹ̀. Wọ́n gbé ayùn Ọjọ́bọ̀ wá síwájú mi. Mo kàn án yíká, mo gbọ́ ọ dáadáa. Níbi tí eyín tó kán ti wà, mo dán an, mo fi àlàfo náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún àwọn tó kù tẹ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ahọ́n mi ń lọ sí àlàfo tèmi lẹ́nu, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń padà. Wọ́n gbé gẹdú síwájú ayùn náà. Ó gba ojú ìlà lọ tààrà, ó jáde lódì kejì.

Àlháájà dúró wò ó títí pákó náà fi ṣubú. Ó wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà.

"Ayùn yín ti jáwọ́ nínú ọtí," ó ní.

"A dúpẹ́, Àlháájà."

"Mo ti sọ fún ti Òṣíẹ̀lẹ̀ pé kó jókòó sí Òṣíẹ̀lẹ̀." Ó na páálí kékeré kan sí mi. Ṣọ́ọ̀kì ló wà nínú rẹ̀, funfun báláú. "Ẹ̀yin ni mo rà á fún. Àbúrò mi ló wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ló ń bi yín nípa ṣọ́ọ̀kì. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ní funfun niyì eyín?"

Ẹ̀rọ ti dákẹ́ nígbà náà, gbogbo ibi ìlagi ló gbọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, mo dúpẹ́. Mò ń lò ó di òní. Kì í hàn lára irin rárá.